Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sí Ọmọ Ọmọ Mi Lẹ́nu

Ẹ kà á láti ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ayé fi aṣọ bo imú. Ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ìgbà náà ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún inú ìwé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fi ń ka tèmi.

Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti gbé e títí, apá mi ò ká a mọ́. Bí mo bá jókòó, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ojú ìwé yín yìí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ṣe, nítorí ọmọ ọmọ mi máa ń kà á sí mi létí nínú fóònù pọtábù rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó jalè, mo ti gbọ́ ti ẹni tó kọ ọmọ sílẹ̀. Mo máa ń ṣàánú wọn, mo sì máa ń dá wọn lẹ́bi. Mo wá rí i pé èmi náà ní tèmi.

N ò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí. Ọmọ ọmọ mi yìí náà ló ń kọ ọ́. Yàtọ̀ sí bàbá rẹ̀, òun nìkan ló lè kọ èdè wa sílẹ̀ nínú ilé wa, nítorí Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kọ́ òun ní méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí kí n tó tẹ̀síwájú. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ló ń kọ ọ́. Kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti ní kó kọ gbogbo ohun tí ẹnu mi bá sọ, kó má yọ ọ̀kankan kúrò, kó má sì bi mí ní nǹkan kan títí n ó fi dákẹ́. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá àgbà." Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí n ò gbọ́ ẹ̀rín náà mọ́.

Àjọkẹ́ ni mo máa ń pè é. Bàbá rẹ̀ ni àkọ́bí mi. Inú ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ní ìparí ìlú, lọ́nà Ọ̀kpárá. Bàbá rẹ̀ ti ṣe mẹ́tìrì rí, ó kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó fi í sílẹ̀ tó gbájú mọ́ oko kajú àti oko ẹ̀gẹ́. Ìyá rẹ̀ máa ń kó gààrí lọ tà ní Kútọnu, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà dé. Ọkọ mi ti kú. Lẹ́yìn tó kú ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo ń sọ, zẹ́mì kan fi ọ̀kadà rẹ̀ gbá Àjọkẹ́ nígbà tó ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó dùbúlẹ̀ títí tí ọdún ilé-ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tó dìde, wọ́n ní kó padà sí kíláàsì tó ti kúrò, kó bá àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó. Bàbá rẹ̀ ní rárá. Ó ní, "Ṣebí mẹ́tìrì ni mí? N ó kọ́ ọmọ mi nílé, yóò sì lọ ṣe ìdánwò gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àràárọ̀ ó máa ń gbé pátákó dúdú ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ á jókòó sórí àpótí, èmi náà á jókòó sórí ẹní mi. Bó bá bi í ní ìṣirò tí kò tètè dáhùn, èmi á ní, "Méje ni." Bàbá rẹ̀ á ní, "Ìyá mi, kò tíì jẹ́ méje rí o." Ọjọ́ kan ló wá jẹ́ méje lóòótọ́. Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú.

Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kì í jáde lọ sí ilé-ìwé, ta ni yóò bá rìn? Wọ́n ní ojú rẹ̀ á là nínú ìwé, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé. Ìyá Kọlẹ́tì, aládùúgbò wa, ni ẹnu rẹ̀ le jù. Bó bá ti ń kọjá, á dúró.

"Mẹ́tìrì, ọjọ́ wo lo máa gbé agbọ̀n kúrò lórí adìyẹ rẹ?"

"Ìyá Kọlẹ́tì, adìyẹ tèmi ń ka ìwé. Tiyín ń ṣe kí ni?"

"Tèmi ń yé ẹyin!"

Á rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí á fi dé ilé. Bàbá Àjọkẹ́ á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, nítorí ó mọ ohun tí Ìyá Kọlẹ́tì ò kà sí. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ní ẹgbẹ́. Àáró ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá lè má mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ni wọ́n, Àjọkẹ́ ni ìkẹfà. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá dé láti oko, wọ́n á lọ bó o nílé ẹnì kan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á lọ sí ilé ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń ṣe é, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tó bá kàn á rìn láti ilé dé ilé ní ọjọ́ tó ṣáájú, á ní, "Ọ̀la kàn mí o." Ó ti parí nìyẹn.

Bí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún kò bá wá, wọn kì í lọ bi í. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn láti ìgbà tèmi. Ẹni tó bá jẹ iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò san án padà mọ ohun tó ṣe. Wọ́n á kàn máa wò ó ni. Bó bá fẹ́ padà, á mú ọ̀bẹ rẹ̀, á lọ sí ilé tí kò lọ, á jókòó, á máa bó ẹ̀gẹ́ lóun nìkan títí wọ́n á fi dárí jì í.

Ràmátù ló jẹ́ ọ̀rẹ́ Àjọkẹ́ jù nínú wọn. Ó máa ń mú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ wá, Àjọkẹ́ á ṣàlàyé ìṣirò fún un, òun náà á sọ fún Àjọkẹ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ta ni wọ́n lé jáde, ta ló ń kọ lẹ́tà sí ta. Bí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jókòó yí ẹ̀gẹ́ ká, ariwo wọn á dé ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń béèrè bóyá ọmọ tí wọ́n ń kọ́ nílé lè ní ẹgbẹ́, mo fi etí mi gbọ́ ọ. Ó lè ní i. Ó ní i.

Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ohun tó fà á rèé. N ò fi ṣe àwáwí, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ni. Ọjọ́rú kan tí Àjọkẹ́ lọ sí àáró, mo dìde láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kọ nǹkan kan, mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. N ò lè dìde. Bàbá Àjọkẹ́ àti àbúrò Àjọkẹ́ ọkùnrin wà lóko, ìyá rẹ̀ wà ní Kútọnu. Mo pe, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Oòrùn wà lórí mi, ó kúrò lórí mi, ó lọ sórí ògiri. Mo ṣe ohun tí àgbàlagbà kì í ṣe sára. Nígbà tó yá mo wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo di òpó mú, mo dìde, mo fọ aṣọ mi kí ọmọ tó dé.

N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ń gbé ní Ọ̀kpárá, ó sì ti ń sọ pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ṣubú, wọ́n á kó mi lọ. Ibi tí ọkọ mi sin mí sí ni mo fẹ́ kú sí. Jọ̀ọ́, Àjọkẹ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n sin ọkọ mi sí ni mo fẹ́ wí, ẹnu ló gbé mi lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù Ọjọ́rú ti ń bà mí.

Àáró wá kan ilé wa. Àwọn ọmọ márààrún wá. Ẹ̀gẹ́ tí bàbá Àjọkẹ́ kó dé lọ́dún náà pọ̀, òkìtì náà ga dé àyà mi. Wọ́n bó o tán kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ń fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀gẹ́ mélòó ló kù?" Àjọkẹ́ á dáhùn fún mi, "Méje!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Mo fún wọn ní ẹ̀wà, wọ́n jẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì kan Ràmátù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá. Àjọkẹ́ ti lọ pọn omi. Ràmátù ní, "Ìyá àgbà, ẹ bá mi sọ fún un pé ọ̀la kàn mí." Mo ní, "N ó sọ fún un."

N ò sọ.

Ní Ọjọ́rú, Àjọkẹ́ jókòó tì mí, ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ó jọ pé àáró ò sí lónìí." Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ṣùgbọ́n Ràmátù padà wá. Èyí ni kò jẹ́ kí n sinmi. Kò yẹ kó wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó yẹ kó dákẹ́, kó máa wo Àjọkẹ́ níran. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ débi pé ó padà wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni. Àjọkẹ́ wà nínú yàrá, ó ń kàwé. Ràmátù dúró sí ìta, kò wọlé.

Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ara Àjọkẹ́ ò yá ni? A retí rẹ̀ títí."

Bí mo bá ní, "Ara rẹ̀ ò yá," ìbá tó. Bí mo bá ní, "Mo gbàgbé, àgbà ló dé," ìbá dára jù. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, yóò padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀lé e. Mo fẹ́ kó tán pátápátá. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ kí ẹni tó wà nínú yàrá má baà gbọ́.

Mo ní, "Ó ní òun ò wá mọ́. Ó ní ìwé lòun ń kà. Ó ní àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ òun."

Ó ní, "Àjọkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó ní, "Ó dáa, Ìyá àgbà. Ẹ bá mi kí i."

Ó lọ. N ò bá a kí i.

Ọjọ́ kejì la wà yìí. Ibi tí mo dé yẹn ni Àjọkẹ́ ti pa ìwé dé lánàá. Kò bú mi. Ó dìde, ó lọ fọ àwo. Mo ń gbọ́ ariwo àwo, ó fọ̀ wọ́n, ó sì tún wọn fọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé oúnjẹ mi wá, ó gbé ọwọ́ mi lé àwo, ó ní, "Ẹja wà lápá ọ̀tún," bó ti máa ń sọ. Kò sọ ohun mìíràn.

Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà wá. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ máa sọ. Ibi tí ẹ ti ní ẹ ò bá a kí mi ni mo kọ ọ́ dé." Mo ní ṣé kí á fi í sílẹ̀ ni? Ó ní rárá. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Ìyókù rèé. Ọjọ́rú méjì kọjá, mẹ́ta kọjá. Àjọkẹ́ ní, "Ìyá àgbà, àáró yìí mà ti pẹ́ o, ṣé wọ́n ti dá a dúró ni?" Mo ní wọ́n ti dá a dúró. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ rán an níṣẹ́ sí ilé kan ní ẹ̀yìn ilé Ìyá Kọlẹ́tì, ó bá àwọn márààrún níbẹ̀, wọ́n jókòó yí ẹ̀gẹ́ ká. Ó pe Ràmátù. Ràmátù gbójú kúrò. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ rọra o, ọ̀mọ̀wé ń kọjá," àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Ó sáré wọlé. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, kí ni mo ṣe?"

Ìgbà kejì rèé tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n. Wọn ò ka ẹni tó ń kàwé nílé mọ́ ara wọn." Mo fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. Ọwọ́ kan náà tí mo ti fi ń pa á lórí láti kékeré ni.

Ó gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́?

Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà ò jáde mọ́. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, á lọ lọ́sàn-án gangan nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí lójú ọ̀nà. Ó di ẹni tó ń wo ilẹ̀ bó bá ń rìn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ bá àwọn òbí àwọn ọmọ náà, èmi ni mo ní kó má lọ. Mo ní ìjà ọmọdé ni, yóò tán. Ó tẹ́tí sí mi nítorí ìyá rẹ̀ ni mí.

Mo rí ohun tí mo fẹ́. Ó wà lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó ń mú mi lọ síbi tí mo bá fẹ́ lọ, ó ń ka ìwé sí mi létí. N ò ṣubú mọ́. Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́. Mo bá ẹ̀rín ọmọ náà jà, mo sì borí rẹ̀.

Ìyá Kọlẹ́tì ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó rọra ní, "Ìyá, ẹ bá Mẹ́tìrì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó dá ọmọ yìí padà sí àárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé ti fẹ́ pa á." Àánú ló ń ṣe é. Yẹ̀yẹ́ rẹ̀ sàn fún mi ju àánú náà lọ. Mo dáhùn pé mo ti bá a sọ ọ́, kò gbọ́. Mo tún pa irọ́ mìíràn lé e, mo sì fi ọmọ tèmi bojú.

Gbogbo àdúgbò ló gbà pé ẹ̀kọ́ inú ilé ló sọ Àjọkẹ́ dà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà gbà. Ó ti fẹ́ máa kọ́ àbúrò Àjọkẹ́ ọkùnrin náà nílé, ó fi í sílẹ̀, ó ní òun ò ní í ba ọmọ méjì jẹ́.

Ọmọ ṣe ìdánwò kékeré, ó yege. Ní ọdún yìí ó ṣe báàkì, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó tún yege. Bàbá rẹ̀ ra odidi àpótí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní nígbà tí àwọn ọmọ bá wá bá a yọ̀ wọ́n á rí nǹkan mu. Kò sí ẹni tó wá. Àwa márààrún la mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àjọkẹ́ mu ọ̀kan péré.

Wọ́n wá ní kó lọ sí Pàràkú, sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ní òun ò lọ. Bàbá rẹ̀ ní kí ló dé. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní yàrá kan, èèyàn mẹ́rin ni. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ gbé. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ràn mi." Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé ẹsẹ̀ òun kúrú.

Bàbá rẹ̀ jáde. Mo tẹ̀lé e, mo ń fọwọ́ tọ ògiri. Mo gbọ́ tó ń sunkún ní ẹ̀yìn ilé. N ò gbọ́ ẹkún ọmọ mi láti ìgbà tó wà ní kékeré. Ó ní, "Ìyá mi, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo fi ọmọ mi sábẹ́ agbọ̀n."

Mo fọwọ́ tọ ògiri padà wọlé láìsọ òótọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Àjọkẹ́ pé kó wá kọ̀wé. Mo rò pé bí mo bá ń bá ẹ̀yin tí n ò mọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á lè jáde, òun náà á sì gbọ́ ọ.

Ní báyìí tí mo dé ibí yìí, Àjọkẹ́ bi mí ní ohun kan. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, nígbà tí Ràmátù wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní wọ́n retí mi?"

Mo ní, "Ó ní wọ́n retí rẹ títí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìwé náà lè tutù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá rí ibì kan kà dáadáa, ẹ má bínú.

Mo bẹ Àjọkẹ́ níbí, lójú gbogbo yín. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. N ò ní kó dáhùn lónìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí nìyí. Ràmátù ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Pulató níbí. Àwọn méjì nínú wọn ti lọ sílé ọkọ. Bí àṣà wa, ẹni tó bá jẹ àáró ló yẹ kó mú ọ̀bẹ lọ sí ilé tí kò lọ. Àjọkẹ́ ò jẹ àáró ẹnikẹ́ni. Èmi ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ò rí ẹ̀gẹ́ bó mọ́, mo lè gé ìka mi. Ṣé kí n ṣáà lọ jókòó sí ilé wọn bẹ́ẹ̀? Ṣé àwọn ọmọdé á gbọ́ mi, àbí wọ́n á ní Àjọkẹ́ ló rán mi? Ṣé ó yẹ kó bá mi lọ, ẹni tí kò ṣẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ronú. Orí mi nìkan kò tó o, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Mo rò pé mo ti sọ tán, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ ní kò tíì tán. Ó ní ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá òun ti gbọ́. Ọjọ́ Àìkú la wà yìí. Mo pe àwọn ọmọ mi méjèèjì jọ lánàá. Àbẹ̀kẹ́ ti Ọ̀kpárá wá.

Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Bàbá Àjọkẹ́ di ọwọ́ mi mú. Ó wá ní, "Ìyá mi. Ẹ̀yin?" Àbẹ̀kẹ́ ló ń pariwo, ó ní, "Ẹ ṣubú, ẹ ò sọ! Ẹ bá ti sọ, ẹ bá ti sọ!" Mo jẹ́ kó pariwo títí ó fi tán nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún àkọ́bí mi pé kó má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi mọ́. Mo ní, "O kọ́ ọmọ rẹ dáadáa. Ó ní ẹgbẹ́, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì wá pè é. Èmi ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ máa kọ́ àbúrò rẹ̀ nílé, máa kọ́ ọ, n ò ní í jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà mọ́." Mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé kó wá mú mi lọ sí Ọ̀kpárá kí wọ́n tó wọlé ní Pàràkú, kí ọmọ má baà rí mi níbí kó tún tìtorí mi ní òun ò lọ. Mo sọ fún wọn pé ẹrù mi ò pọ̀, aṣọ díẹ̀ ni àti ẹní. Mo ní ẹnikẹ́ni nínú wọn lè dì í, kí wọ́n má ṣáà jẹ́ kó jẹ́ Àjọkẹ́.